Nígbà Tí Ọwọ́ Tafàtafà Kò Gbọ́ Tirẹ̀ Mọ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama nílẹ̀ Japan, bí àwọn ọmọ kan ṣe ń sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá parí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mìíràn ń forí lé gbọ̀ngàn ọfà. Kyudo ni orúkọ eré náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀nà ọrun. Ọrun tí wọ́n ń lò ga ju ẹni tó mú un lọ́wọ́ lọ, torí ó lé ní mítà méjì. Igi àti oparun ni wọ́n fi ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ń lo èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe báyìí. Kò sí ẹ̀rọ kankan lára rẹ̀ tó ń bá ojú ṣiṣẹ́. Àmì tí wọ́n ń ta ọfà sí jẹ́ roboto, kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 36 lọ, bí ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ ńlá kan, mítà 28 ló sì jìn sí tafàtafà.

Ẹni tó bá fa okùn ọrun dé ibi tó yẹ kò gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀, kí apá méjèèjì nà dáadáa, kí èémí rẹ̀ balẹ̀, kí ọfà tó jáde. Ìdúró yẹn, tó lè gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ni wọ́n ń pè ní kai. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ọmọ tó ti ń ta ọfà dáadáa látọdún tó kọjá lè ṣàdédé rí i lọ́jọ́ kan pé òun ò lè dúró mọ́. Kí ọfà tó dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tán, fìrì, okùn ti lọ. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun dúró. Ó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ kó tó gbé ọrun sókè. Ó tiẹ̀ lè kọ́ ọmọ tuntun bó ṣe yẹ kó ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan òun fúnra rẹ̀, ọwọ́ á ti ṣe tirẹ̀ kí ọkàn tó pàṣẹ.

Hayake ni àwọn ará Japan ń pe èyí. Òdìkejì rẹ̀ ni motare: ọfà ti dúró sójú ibi tó yẹ, àkókò ti tó, ọwọ́ wá kọ̀ jálẹ̀, kò jọ̀wọ́ okùn. Ẹ̀kẹta ni biku, kí gbogbo ara ta gìrì bíi ti ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà lójijì, nígbà tí ọfà kò tíì jáde. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe gbogbo rẹ̀: target panic, ìyẹn ìpayà ojú àmì. Àwọn tó ń ta ọrun ìbílẹ̀ lọ́hùn-ún, tí kò ní ẹ̀rọ ìfojúsùn, mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Àwọn kan nínú wọn kì í tiẹ̀ lè gbé ọfà dé àárín àmì rárá. Á kàn dúró sí ìsàlẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú, bí wọ́n sì ti ń fipá gbé e sókè ni okùn ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìtìjú ibẹ̀ ló ń lé èèyàn kúrò nídìí eré náà. Ẹni tó bá ṣubú lórí pápá, wọ́n á gbé e dìde, wọ́n á kí i pẹ̀lẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ́ tirẹ̀, kí ló fẹ́ wí? Kì í sábà sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwáwí ló máa ń wá, lónìí orí ń fọ́ ọ, lọ́la iṣẹ́ ilé ìwé pọ̀, títí tí kò fi ní wá mọ́. Àwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ràn eré àwòrán ilẹ̀ Japan lórí tẹlifíṣọ̀n lè ti gbọ́ nípa Tsurune, tó jáde lọ́dún 2018. Minato, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, pa ọfà títa tì nítorí hayake yìí kan náà.

Kí Ló Ń Fà Á?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á yára sọ pé ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà nì, Ivan Pavlov, ti fi hàn pé bí ajá bá ń gbọ́ ìró kan ní gbogbo ìgbà tí oúnjẹ bá fẹ́ dé, tó bá yá, ìró yẹn nìkan á ti tó láti mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu rẹ̀, bí oúnjẹ ò tiẹ̀ sí nítòsí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí tafàtafà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ojú rẹ̀ rí i pé ọfà ti bá àmì mu, ọwọ́ sì jọ̀wọ́ okùn. Nígbà tó yá, ọwọ́ kò dúró gbọ́ àṣẹ mọ́. Kí ojú ṣáà ti rí àmì, ó parí. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú ojú. Ìdí nìyẹn tí ìṣòro yìí kì í fi í mú ọ̀lẹ. Ẹni tó ń ta ọfà ní àtàárọ̀ dalẹ́, tó fẹ́ kí gbogbo ọfà òun bà á, òun gan-an ló ń mú.

Ọrun tó le ju agbára ẹni lọ ń dá kún un, torí ara á máa wá bí yóò ṣe sọ ẹrù náà kalẹ̀ kíákíá. Ìgbà tí ọfà bá sì ti tàsé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀mẹrin, lójú àwọn èèyàn, ni ẹ̀rù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé á wá jókòó pa.

Kì í ṣe àwọn tafàtafà nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣe. Ìgbà márùn-ún ni Eric Bristow, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé nínú eré darts láàárín 1980 sí 1986. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti jọ̀wọ́ ọfà kékeré tí wọ́n fi ń ṣe eré náà. Ó bá a fà á gan-an, ó tún padà dé àṣekágbá lọ́dún 1989, 1990 àti 1991, ṣùgbọ́n kò gba ife náà mọ́ títí tó fi kú ní 2018. Phil Taylor, ẹni tó lù ú nínú àṣekágbá 1990, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ náwó lé lórí ni. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù náà ní tiwọn. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ọ̀nà méjì ló pín sí: ti àwọn kan jẹ́ àníyàn, ti àwọn mìíràn sì jẹ́ pé iṣan ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló ń sún kì láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó ṣáà fọkàn balẹ̀ lè máa fi omi tútù pa iná tí kò jó níbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Fẹ́ Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọlé

Lọ́dún 1924, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Eugen Herrigel lọ kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní yunifásítì tó wà nílùú Sendai, ní Japan. Ibẹ̀ ló ti di ọmọ ẹ̀kọ́ lábẹ́ ọ̀gá tafàtafà kan, Awa Kenzo. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀, èyí tó jáde lédè Jámánì lọ́dún 1948, ti kárí ayé.

Ìṣòro tirẹ̀ sún mọ́ motare. Ó lè fa ọrun, ó lè dúró, àmọ́ bó bá kan kó jọ̀wọ́ okùn, gbogbo ara rẹ̀ ló ń mì, ọfà á sì wọ́ lọ. Ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kó fojú kan àmì rárá. Fún ọdún mélòó kan, ìdì koríko gbígbẹ tí kò ju mítà méjì sí i ló ń ta ọfà sí. Awa fi ewé oparun tí yìnyín bà lé ṣàpèjúwe fún un: ewé náà á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yìnyín á fi yọ̀ bọ́ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ewé gbọn ara rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ ọ, kò yé e.

Nígbà tí ìsinmi dé, ó lọ sétí òkun, ó sì ronú ọgbọ́n kan. Bó bá ń tú ìka tó fi di àtàǹpàkò mú díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò á bọ́ fúnra rẹ̀, okùn á sì lọ wẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé ara mì. Ó dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ta ọfà àkọ́kọ́. Ọ̀gá ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, èyí tún dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Awa dìde láìsọ̀rọ̀, ó gba ọrun lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ jókòó, ó sì kọ̀yìn sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fòpin sí ẹ̀kọ́ náà. Awa ránṣẹ́ pé òun ò kọ́ ọ mọ́, torí ó fẹ́ tan òun jẹ. Komachiya tó mú un wá sọ́dọ̀ ọ̀gá náà ló bá a bẹ̀bẹ̀. Ó gbà á padà, ìdí koríko kan náà sì ni wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí ọjọ́ kan tó dé tí ọfà jáde lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọ̀gá sì tẹrí ba, tó jẹ́ kó mọ̀ pé èyí ló ń wí.

Ibi tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni alẹ́ ọjọ́ tí Awa ta ọfà méjì nínú òkùnkùn: àkọ́kọ́ bá àárín àmì, èkejì sì la igi àkọ́kọ́. Ọ̀mọ̀wé ará Japan kan, Yamada Shoji, tó wádìí ọ̀rọ̀ náà wò, kọ ọ́ ní 2001 pé Awa fúnra rẹ̀ sọ fún ọmọ ẹ̀kọ́ mìíràn pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òkùnkùn yẹn kọ́ ni ẹni tó ní ìpayà àmì máa rí kọ́ lára Herrigel. Ìdì koríko tó wà ní mítà méjì ni.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Wò Ó

Títí dòní, ibi koríko yẹn ni wọ́n ń dá àwọn èèyàn padà sí, ní Japan àti lókè òkun. Wọ́n á mú àmì kúrò pátápátá. Tafàtafà á dúró síwájú ìdì koríko tí wọn ò ya nǹkan kan sí, ní ìrìn ẹsẹ̀ bíi mẹ́ta, ọ̀pọ̀ tiẹ̀ máa ń di ojú. Kò sí ohun tó máa bà, kò sí ohun tó máa tàsé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó mọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí okùn ṣe ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lèyí ń gbà, ó sì máa ń sú èèyàn. Ọrun tó rọ̀ ni kó lò. Ní Japan, wọ́n tún ní ọ̀pá kékeré tí wọ́n so rọ́bà mọ́, gomuyumi, tí èèyàn lè fà nínú ilé láìsí ọfà. Ọrun gidi ò ṣe é fà bẹ́ẹ̀ o. Ẹ má ṣe jọ̀wọ́ okùn rẹ̀ nígbà tí ọfà kò sí lórí rẹ̀, torí ó lè fọ́, ó sì lè ṣe èèyàn léṣe.

Ohun kejì ló le jù, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù: kí èèyàn fa ọrun tán, kó wo àmì dáadáa, kó má sì ta á. Kó dá okùn padà wọ́ọ́rọ́wọ́, kó sinmi, kó tún un ṣe. Ẹni tí kò ní ìṣòro yìí á ní kí ló wà ńbẹ̀. Ẹni tó ní in mọ̀ pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òógùn á máa bo òun. Àwọn kan ní láti kọ́kọ́ kọ ọfà sí ẹ̀gbẹ́ àmì, kí wọ́n wá máa sún un wọlé díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Joel Turner, ará Amẹ́ríkà kan tó ti kọ́ àwọn ọlọ́pàá ní ìbọn yíyìn, ṣàlàyé pé oríṣi ìṣesí méjì ló wà. Ọ̀kan dà bíi kí èèyàn ju òkò: bí apá bá ti ṣí, kò ṣe é dá dúró mọ́. Èkejì dà bí ẹni tó ń rọ epo sínú ìgò, tó lè dáwọ́ dúró ní ibikíbi tó bá fẹ́. Ó ní ìpayà àmì wọ́pọ̀ níbi tí ọfà títa bá ti di òkò jíjù. Nítorí náà, kí tafàtafà máa sọ ọ̀rọ̀ kan fún ara rẹ̀ bó ti ń fà á, ìbáà ṣe "fà, fà, fà", kí ọkàn lè wà lórí fífà, kó má sáré lọ bá àmì. Àwọn kan máa ń so irin tínńrín mọ́ ọrun, èyí tó máa dún kẹ́ nígbà tí okùn bá dé ibi tó yẹ, wọn ò sì ní jọ̀wọ́ okùn àfi bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ajá Pavlov: irin yìí náà lè di agogo tuntun fún ẹni tí kò kọ́kọ́ lo àkókò nídìí koríko.

Bí àmì bá fẹ́ padà, kó tóbi, kó sì sún mọ́ tòsí. Ọjọ́ tí ọwọ́ bá tún sáré, kí wọ́n gbé e padà sítòsí, láìsí ìbínú.

Iṣẹ́ àwọn òbí kò ju pé kí wọ́n má ka iye ọfà tó tàsé. "Ṣé o bà á?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà tí ọmọ bá délé, ìbéèrè yẹn gan-an ló sì ń fún àìsàn náà lóúnjẹ. Nínú ìtàn kan tí àwọn olórìṣà ní Brazil ń sọ nípa Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ọdẹ tó ní ogún ọfà tàsé, ẹni tó ní ogójì tàsé, ẹni tó ní àádọ́ta náà tàsé, kí ẹni tó ní ọfà kan ṣoṣo tó pa ẹyẹ tó bà sórí ààfin. Ìyá ọdẹ yẹn kò sí lórí pápá tó ń pariwo sí i. Ó lọ ń ṣètùtù fún ọmọ rẹ̀ níbòmíràn.

Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí ọwọ́ tó padà sípò, ó sì lè tún yọjú lẹ́yìn ọdún púpọ̀, pàápàá bí ìdíje bá ti ń sún mọ́. Àwọn tó ti bá a jà rí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ pé ó ti tán. Ní gbọ̀ngàn ọfà ilẹ̀ Japan, ìdì koríko máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn àgbàlagbà tó ti ń ta ọfà fún ogójì ọdún sì máa ń kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n tó yíjú sí àmì.