Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló ń mú kéèyàn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn?

Lọ́dún 2012, Jonah Berger àti Katherine Milkman, àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Pennsylvania, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ nǹkan bí 7,000 àròkọ inú ìwé ìròyìn New York Times wò, láti mọ èyí táwọn òǹkàwé ń fi ránṣẹ́ síra wọn jù. Ohun ìyanu, ohun tó ń bíni nínú, ohun tó ń kóni láyà sókè, àwọn ló ń rìn jìnnà. Ohun tó wúlò náà ń rìn.

Ìwúlò yìí gan-an la fojú kéré. Ìbínú ń tàn kálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wá òǹkàwé. Ó ń ba àárín ìlú jẹ́.

Ẹ wo bí ohun tó wúlò ṣe ń rìn: ká ní gààrí lẹ̀ ń tà. “Gààrí wa dára, ẹ wá rà” kò ní kúrò lójú kan. Ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n fún gààrí mọ́wọ́ kí wọ́n tó sanwó; tó bá dì mọ́ra, kò gbẹ, á bu nínú àpò. Ìyá á fi ránṣẹ́ sọ́mọ, ọmọ á fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Kókó ni kẹ́ ẹ fi síwájú o, torí Facebook máa ń ká ọ̀rọ̀ gígùn kò, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan lèèyàn máa kọ́kọ́ rí.