Lẹ́yìn Ìjà, Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Na Ọwọ́?

Bí ayálégbé méjì bá tahùn síra wọn nítorí owó iná nínú ilé “face-me-I-face-you” kan ní Ìkòtún, ẹjọ́ ẹni tó jàre kì í pẹ́ sú àwọn ará ilé. Ohun tí wọ́n máa ń wò ni bóyá àwọn méjèèjì á kíra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ojú kan náà ni àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ẹranko, Frans de Waal àti Angeline van Roosmalen, fi wo àwọn ìnàkí ní ọgbà ẹranko Arnhem, nílẹ̀ Netherlands. Èrò tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ìjà a máa tú ẹranko ká. Lọ́dún 1979, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde: kò ní pẹ́ rárá tí àwọn tó jà á fi máa wá ara wọn lọ. Ọ̀kan á na àtẹ́lẹwọ́, èkejì á gbà á, wọ́n á fẹnu kanra, wọ́n á sì jókòó máa tú irun ara wọn. Bí akọ méjì bá takú, abo àgbà kan lè dá sí i. Á lọ tú irun ọ̀kan, á dìde, ìyẹn á tẹ̀ lé e láìwo ojú ọ̀tá rẹ̀; bí kò bá tẹ̀ lé e, abo náà á padà wá fà á lọ́wọ́. Á jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, bó bá sì ṣe díẹ̀, á rọra yẹra kí wọ́n lè máa tú irun ara wọn. Ìyálọ́jà tó mọṣẹ́ kò lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè ní inú ọgbà ni wọ́n wà, kò síbi tí wọ́n lè sá sí. Àmọ́ igbó kìjikìji ni Taï ní Côte d'Ivoire, níbi tí Christophe Boesch ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìnàkí ní 1979. Nínú ìwádìí tí òun àti Roman Wittig gbé jáde ní 2005, àwọn ìnàkí inú igbó náà ń parí ìjà, pàápàá pẹ̀lú ẹni tó wúlò fún wọn: ẹni tí wọ́n jọ ń pín oúnjẹ, ẹni tó ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà. Àìlèṣe láìsí ẹnìkejì ló ń parí ìjà ju inú rere lọ. Ẹni tó bá ní ìwà ènìyàn la kàn ń gbé wọ ẹranko, kó wo ohun tí Marina Cords àti Sylvie Thurnheer ṣe ní 1993. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀bọ kan pé àfi bí àwọn méjì bá jọ dé ìdí ẹ̀rọ ni gúgúrú yóò fi jáde. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yẹn, ìparí ìjà láàárín wọn di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀bọ àná náà ni. Gúgúrú ló so wọ́n pọ̀.

Àtakò tó le jù sí èrò yìí ni ti ìjà agbo sí agbo. Ní Gombe, nílẹ̀ Tanzania, láàárín 1974 sí 1977, agbo ìnàkí Kasakela ń pa àwọn akọ agbo Kahama lọ́kọ̀ọ̀kan títí agbo náà fi parẹ́, bẹ́ẹ̀ agbo kan ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní Taï, Liran Samuni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìtọ̀ ìnàkí wò, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2017: bí agbo bá fẹ́ kojú agbo mìíràn, oxytocin, èròjà tó wà lára ohun tó ń so ìyá mọ́ ọmọ, a máa gòkè lára wọn, wọn a sì dúró ti ara wọn. Ọ̀tá ìta ń di ará ilé pọ̀. Èyí bà mí lẹ́rù, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mò ń sọ mu: agbo méjì tí kò ní nǹkan kan pọ̀ mọ́ kò rí ìdí tí wọ́n á fi parí ìjà. Àdúgbò méjì ní Ìgàndò tí wọ́n jọ ń lo gọ́tà kan, ọjà kan, ilé ìwé kan, ní ohun tí àwọn ìnàkí yẹn kò ní.

Ìparí ìjà sì ṣeé kọ́. De Waal àti Denise Johanowicz kó àwọn ọmọ ọ̀bọ rhesus, tí kì í fẹ́ parí ìjà, pọ̀ mọ́ ọ̀bọ stumptail oníwà pẹ̀lẹ́ fún oṣù márùn-ún. Ìparí ìjà àwọn rhesus di ìlọ́po mẹ́ta, nígbà tí wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀, wọn kò gbàgbé. Nítorí náà, ẹ̀yin baba onílé àti alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) ní Ẹgbẹ́dá, ẹ má fi “ó tó, ẹ ti gbọ́” parí ẹjọ́. Ẹ fún àwọn tó jà níṣẹ́ tí wọ́n á jọ ṣe: kí wọ́n jọ máa gba owó iná, kí wọ́n jọ kó gọ́tà. Bó bá ju agbára yín lọ, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999 ń bá ará ìlú parí aáwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.