Oúnjẹ Tí Ìfun Wa Ń Jẹ



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó wá bá mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó níbí pé òun kò rí ìgbẹ́ yà. Bí mo bá béèrè ohun tó jẹ, á ní búrẹ́dì, indómì àti ìrẹsì funfun ni. Òun ti yó, ṣùgbọ́n ìfun rẹ̀ kò jẹun.

Awọ inú ìfun ńlá kì í gbó sára. Láàárín bí ọjọ́ 3 sí 5, sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ á re dànù, tuntun á rọ́pò rẹ̀. Kí ni wọ́n ń jẹ? Èèpo ẹ̀wà àti okùn inú ẹ̀fọ́, tí à ń pè ní fáíbà, kì í dà nínú ìfun kékeré. Bó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí Ọlọ́hun fi síbẹ̀ á mú un kan, bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò. Butyrate wà lára ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Òun ni olórí oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ìfun ńlá, ó sì ń kó wọn níjàánu. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pọ̀ láìníjàánu ló ń di jẹjẹrẹ.

Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Èèyàn dúdú 20 ní Amẹ́ríkà àti 20 ní ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà pààrọ̀ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ 2. Fáíbà àwọn ará Amẹ́ríkà gòkè láti gíráàmù 14 sí 55 lójúmọ́. Tàwọn ará Áfíríkà já láti 66 sí 12, ọ̀rá inú oúnjẹ wọn sì pọ̀ sí i. Butyrate àwọn ti Amẹ́ríkà di ìlọ́po 2 àti ààbọ̀, sẹ́ẹ̀lì ìfun wọn sì dẹwọ́ pípọ̀. Tàwọn ti Áfíríkà dín sí ìdajì, sẹ́ẹ̀lì wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára pọ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 péré!

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso wọ inú oúnjẹ ilé. Ògì tí a sẹ́ ti pàdánù èérí rẹ̀. Ẹ má fi òun nìkan ṣe sààrì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi, kí inú má baà wú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kó má kàn pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, kó máa mu àgbo. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun. Kó tètè lọ sí ọsibítù.

Ìlera jẹ́ àmánà. Kí Ọlọ́hun ràn wá lọ́wọ́ láti ṣọ́ ọ. Àmín.