Ìwé Ìbéèrè Mẹ́sàn-án

Bí a bá gbé ìwé ìbéèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́, àwọn kan kì í gbà á. "Ṣé wèrè ni mo jọ lójú yín ni?" Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé máníjà yóò rí i. Ẹ̀rù tirẹ̀ nídìí: ìwé bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó dé ọwọ́ ọ̀gá.

PHQ-9 ni orúkọ rẹ̀. Ó jáde ní 2001. Ohun tí ojú ẹni rí láàrin ọ̀sẹ̀ 2 ni ó ń bèèrè: oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, títí dé èrò ikú. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba máàkì 0 sí 3, àpapọ̀ kò ju 27 lọ. Ní 2006, àwọn oníṣègùn dán an wò láàrin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Nàìjíríà, ó sì wúlò.

Bí ó bá dé 10, ẹ tọ dókítà lọ. Òun ni yóò sọ bí àìsàn ni. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ òru kò ní ṣàìgba máàkì níbi oorun! Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè kẹsàn-án, ti ikú, ẹ má ka máàkì mọ́: ẹ mú un lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. LASUTH wà ní Ìkẹjà.