Ìbínú Nínú Ara Òbí

Bí ọmọ bá pẹ́ kí ó tó ti Ring Road dé, tí ó sì tún ń jiyàn, èé ṣe tí àyà wa fi ń lù kìkì, tí ọwọ́ wa sì ń gbọ̀n?

Ní ọdún 1915, Walter Cannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé oje tí à ń pè ní adrenaline ń ti òkè kíndìnrín wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń múra wa sílẹ̀ fún ìjà, bí ẹni tí ó pàdé ẹkùn. Agbára ìjà wá dé apá wa; ìdí nìyí tí pàṣán fi ń wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ lọ.

Nítorí náà, kí a tó bá a wí, ẹ jẹ́ kí a jókòó, kí a mí kanlẹ̀, títí àyà yóò fi rọlẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣe ẹkùn.