Bí eré ṣe ń ran akólòlò lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Ohun tí òwe náà kò sọ ni iye ìgbà tí ìtìjú ti pa á lẹ́nu mọ́ kí ó tó pè é. Ìdákẹ́jẹ́ yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ń fi eré kojú.

Kíkólòlò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá wà láàárín ọdún 2 sí 5. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó máa ń bọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 àgbàlagbà ló ṣì ń kólòlò, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe àìgbọ́n ló ń fà á, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, ó sì ní í ṣe pẹ̀lú bí ọpọlọ ṣe ń ṣètò ọ̀rọ̀. Ẹ̀sín àwọn ènìyàn ló ń mú kí ẹ̀rù wá kún un.

Ní ìlú Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ni wọ́n ti gbé ìtọ́jú tí à ń pè ní Lidcombe kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Òbí fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é nílé, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà onímọ̀. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 lóòjọ́, òun àti ọmọ á jọ máa ṣeré tàbí kí wọ́n máa wo ìwé alàwòrán. Bí eré bá ṣe rí ni gbólóhùn ọmọ ṣe máa gùn tó: bí ó bá jẹ́ orúkọ àwòrán ni ó ń dá, ọ̀rọ̀ kan péré ti tó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jáde geere, òbí á yìn ín. Ìyìn gbọ́dọ̀ pọ̀ ju àtúnṣe lọ fíìfíì. Nínú ìwádìí kan lórí ọmọ 54 ní New Zealand, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2005, kíkólòlò àwọn tí ó gba ìtọ́jú yìí dín kù ju ti àwọn yòókù lọ.

Ní ti ọmọ iléèwé àti àgbàlagbà, ìgboyà ni a ń wá jù. Nínú eré kan, gbogbo ẹni tó jókòó, títí kan onímọ̀ náà, á máa mọ̀ọ́mọ̀ kólòlò. Ẹni tó ti ń fi í pamọ́ láti kékeré á wá rí i pé òun kólòlò lójú gbogbo ènìyàn, ilẹ̀ kò sì là. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ṣe bí ẹni ń nájà tàbí bí ẹni ń tẹ ènìyàn láago, kí wọ́n tó lọ ṣe é ní tòótọ́.

Àlọ́ alẹ́ náà wúlò, nítorí ọ̀pọ̀ akólòlò kì í kólòlò nínú orin tàbí nígbà tí wọ́n bá ń gberin pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Kò wo kíkólòlò sàn, ó kàn ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ ni. Eré tí a fi ń dán ahọ́n wò, tí ẹni tó bá yára jù ló ń borí, kò dára fún un rárá.

Bí kíkólòlò bá kọjá oṣù mẹ́fà, tàbí tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ọ̀rọ̀, kí òbí mú un lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ nípa ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Nílé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a parí gbólóhùn rẹ̀.