Gbèsè Ádámù lọ́rùn Ọmọ Ọwọ́

Bí Kristẹni kan bá kú ní Lálúpọn, ní Ẹ̀rúnmu tàbí ní Àkànrán, tí wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ dé etí sàréè, àlùfáà yóò bu erùpẹ̀, yóò dà á sórí pósí, yóò sì rán gbogbo àwọn tó pé jọ létí pé inú ilẹ̀ ni a ti mú ènìyàn wá, inú ilẹ̀ náà ni yóò sì padà sí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ya àgbẹ̀ kankan lẹ́nu. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún kọ ebè mọ ilẹ̀ ju bí a ti lè sọ ọ́ fún un lọ. Èyí tó máa ń di àríyànjiyàn lábẹ́ igi, nígbà tí òkú bá ti wọlẹ̀ tán tí wọ́n ń jẹun, ni apá kejì ìwàásù náà: pé ọ̀dọ̀ Ádámù ni ikú ti wọ ayé wá, àti pé ọmọ ọwọ́ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ níbẹ̀, tí kò tí ì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ní ìpín nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ ní agbègbè Ìbàdàn. Ọdún 1853 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, tí wọ́n sì fi Kúdẹtì ṣe ibùjókòó. Láwọn ọdún yẹn náà ni Adolphus Mann ń wàásù ní Ìjàyè, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lónìí, kí ogun ọdún 1860 sí 1862 tó tú ìlú náà ká. Nígbà tó fi máa di ọdún 1884, odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sì ni aṣáájú àwọn tó túmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn olùtumọ̀ dé ibi tí Ọlọ́run ti fi erùpẹ̀ dá ènìyàn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú ni “mọ”, ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń lò fún ẹni tó ń mọ ìkòkò. Etí Yorùbá ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ta ni kò mọ̀ pé Ọbàtálá ni Alámọ̀ rere, tó ń fi amọ̀ ṣe ara ọmọ nínú oyún? Nínú èdè Hébérù pàápàá, orúkọ Ádámù àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ilẹ̀ jọ ń rìn pọ̀ ni. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tí ìwàásù náà gbà wọlé ti wà ní ṣíṣí kí oníwàásù tó kan ìlẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa yóò rí i pé ọ̀nà méjèèjì yà. Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, ẹni méjì ló pín iṣẹ́ náà: òrìṣà mọ ara, Olódùmarè nìkan ló lè fi èémí sí i. Bólájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde lọ́dún 1962, ròyìn pé Òrìṣà-ńlá fẹ́ mọ bí a ti ń fi èémí síni lára, ló bá fara pa mọ́ láti yọjú wò ó. Olódùmarè sì mú kí oorun gbé e lọ títí iṣẹ́ fi parí. Ó dùn mọ́ni pé oorun ni Ádámù náà sùn nígbà tí a ń fi egungun ìhà rẹ̀ dá obìnrin. Àṣírí náà kò tú sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ní ìhín tàbí ní ọ̀hún.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù wà nínú ibi tí àbùkù ti wá. Wọ́n ní Ọbàtálá mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì lórí amọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, tí a kì í sì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó mọ ìkòkò ló ṣì í mọ, ìkòkò kò jẹ̀bi. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì kò gba bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá dára, kò kù síbì kan. Ènìyàn ló na ọwọ́ sí èso tí a ní kó má jẹ.

Síbẹ̀, Yorùbá kò ṣàìní ìtàn ìṣubú tirẹ̀. Ìdòwú kan náà ló kọ ọ́ pé ọ̀run sún mọ́ ayé nígbà ìwáṣẹ̀, àfìgbà tí ẹnì kan fi ojúkòkòrò bu oúnjẹ ọ̀run jù, tàbí gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti sọ ọ́, tí obìnrin kan fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan ojú ọ̀run. Ọ̀run bá gòkè lọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní kíyè sí i pé obìnrin tún ni wọ́n tọ́ka sí! Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ fún aboyún tó ń rọbí ní abúlé tó jìnnà sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n sọ fún un pé owó ọ̀yà Éfà ni ìrora rẹ̀. Kí ó sì yé àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ pé Ìwé náà ní ọkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó ń jẹ èso náà, àti pé ọrùn ọkùnrin ni Pọ́ọ̀lù gbé ẹ̀bi náà kọ́ nínú ìwé sí àwọn ará Róòmù. Jẹ́nẹ́sísì kò sì dárúkọ Sàtánì níbẹ̀ rárá. Ejò ló sọ.

Àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìyànà Ọ̀fà tún ní ẹjọ́ tiwọn. Àwọn oníwàásù kan a máa sọ ọ́ bí ẹni pé iṣẹ́ oko fúnra rẹ̀ ni ègún. Ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kí Ádámù tó ṣẹ̀ ni a ti fi í sínú ọgbà láti máa ro ó. Ẹ̀gún àti òógùn ojú ló dé lẹ́yìn náà, ẹni tó bá ti bá ẹ̀kan àti ewé Akíntọ́lá jà láàárín kòkó kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Ó wá ku ọmọ ọwọ́. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Báwo ni a ṣe fẹ́ gé ìka ọmọ tí kò tí ì rìn? Wòlíì Ìsíkíẹ́lì pàápàá bá àwọn ará ilé rẹ̀ wí lórí ọ̀rọ̀ pé ọmọ ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ baba. Ọmọ Áfíríkà ló la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún ìjọ ìwọ̀-oòrùn jù: Augustine, tí wọ́n bí lọ́dún 354 ní ilẹ̀ tó di Àlùjíríà lónìí. Ó ní gbogbo ènìyàn ló wà nínú Ádámù nígbà tó ṣẹ̀, nítorí náà ẹ̀bi náà kàn wá láti inú oyún. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage lọ́dún 418 fọwọ́ sí i pé kí a máa ri ọmọ tuntun bọmi fún ìdáríjì. Àwọn ìjọ ìlà-oòrùn kò tẹ̀lé e débẹ̀. Wọ́n ní ikú ni a jogún, a kò jogún ẹ̀bi.

Ẹni tó bá rántí ètò ìwọ̀fà yóò tètè lóye Augustine, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gbà fún un. Baba yáwó, ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ tí kò fojú kan kọ́bọ̀ nínú owó náà ń jí lọ sí oko olówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò dín gbèsè náà kù, èlé lásán ló ń san. Bó fi ogún ọdún ṣiṣẹ́, owó náà dúró bó ṣe wà, àfi kí ẹnìkan kó owó wá kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nínú irú ilẹ̀ tó mọ èyí ni “ìràpadà” ti di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Crowther tó darí ìtumọ̀ náà kò fi àgbọ́sọ mọ ohun tí ìtúsílẹ̀ jẹ́: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, ọdún kejì ni a gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà kì í ṣe ọ̀daràn. Kò sí olówó tó pe ọmọ náà ní ẹlẹ́ṣẹ̀, ibẹ̀ sì ni àfiwé náà ti já.

Ọ̀ràn yìí kò dúró lórí ẹnu nìkan. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú láìṣe ìrìbọmi máa ń béèrè ibi tí ọmọ náà wà, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ìdáhùn tí wọ́n ń fún un fi le. Lọ́dún 2007 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ti ìjọ Kátólíìkì gbé ìwé kan jáde pé ìdí wà láti ní ìrètí pé a ó gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Ìjọ Onítẹ̀bọmi àti ìjọ Aposteli ti Kristi kì í ri ọmọ ọwọ́ bọmi ní tiwọn, wọ́n ń dúró kí ó dàgbà kó gbàgbọ́ fúnra rẹ̀. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo ní Ìbàdàn ni ọ̀nà méjèèjì ti wà pọ̀: Alexander Babátúndé Akínyẹlé jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Áńglíkà, àbúrò rẹ̀, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tó jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964, sì jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ Aposteli.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí lábúlé. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìyá àgbà a fi omi, iyọ̀ àti oyin kan ọmọ lẹ́nu, a ṣúre pé kó má bá ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni pàdé, gbogbo ilé a sì ṣe àmín. Ọjọ́ ìrìbọmi ni bàbá àti ìyá ọmọ kò tí ì fẹnu kò lé lórí.